Ọmọ Tó Di Okùn Mú

Ẹ sún mọ́bí. Ẹni tó wà nídìí ògiri, kó bọ́ síwájú. Ẹni tó ń ka eléyìí lórí fóònù nínú mọ́tò, kó jọ̀ọ́ yọ nǹkan tó fi dí etí. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an ni mo ṣe máa tẹ̀ ẹ́ síbí, torí náà ẹ má bínú tí mo bá yà síbì kan. Mo máa padà. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan tí wọn ò padà lọ mú ni mo fẹ́ sọ, kò wá ní dáa kí èmi náà já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́nà.

Bíọ́dún lorúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà yẹn, mo wà ní prámárì fáìfù ní Ìkàrẹ́, èmi àti màmá mi la jọ ń gbé nítòsí ọjà. Màmá mi ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé, Ọ̀kà ni mo máa ń wà, lọ́dọ̀ ìyá tó bí màmá mi. Ojúọlá lorúkọ wọn, àmọ́ Màmá Ọ̀kà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn tó bá mọ ọ̀nà yẹn á mọ nǹkan tí mò ń sọ. Àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì. Tó bá di àsìkò ọyẹ́, àfi bíi pé ẹnì kan fi òwú di orí àwọn òkè yẹn, o ò ní mọ ibi tí òkè parí sí, o ò ní mọ ibi tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Màá di ẹ̀wù ọlọ́kadà mú pinpin, màá dijú, màá ní ọ̀kadà wa ti gbéra nílẹ̀. Tí mo bá la ojú, a ti dé Ọ̀kà.

Tẹlifíṣọ̀n kan wà nílé Màmá, bọ̀dá màmá mi ló gbé e wá, pẹ̀lú fídíò tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni, kásẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bọ̀dá Rufus tó ń yáni ní kásẹ́ẹ̀tì ní Ìkàrẹ́ ló máa ń kó èyí tí ẹnikẹ́ni ò béèrè mọ́ fún mi, màá kó wọn sínú báàgì ìwé mi, ó di Ọ̀kà.

Màmá ò gbọ́ òyìnbó. Nínú agbo ilé yẹn, ọmọ tó bá ń lọ síléèwé ló máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, á fi ojú kan wo fíìmù, á fi ojú kejì wo àwọn àgbà, á máa túmọ̀. Tó o bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní kí wá ni wọ́n ń kọ́ ẹ níléèwé. Torí náà èmi kì í dákẹ́. Ibi tí mo bá gbọ́, mo máa túmọ̀ ẹ̀. Ibi tí mi ò bá gbọ́, mo máa fi tèmi sí i. Màmá á sì máa dá mi lóhùn ní èdè Ọ̀kà. Mi ò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síbí, mo fẹ́ kó yé gbogbo yín.

Sátidé kan báyìí, lọ́sàn-án, iná wà, ọyẹ́ ń fẹ́, mo ki kásẹ́ẹ̀tì kan bọ̀ ọ́. Fíìmù òyìnbó àtijọ́ ni, irú èyí tí bàbá, ìyá àtọmọ máa ń jọ jókòó wò. Àwòrán ẹ̀ ti ń ṣe fúúfùú, bíi pé òjò funfun ń rọ̀ sórí gbogbo nǹkan. Nínú fíìmù náà, oòrùn ti sùn, ó ní òun ò jí mọ́. Gbogbo ayé ṣókùnkùn. Làwọn ọmọ mẹ́ta kan bá wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń fò nínú ìkùukùu, wọ́n ń lọ sí ìlú tí oòrùn ń sùn sí, kí wọ́n lọ jí i. Irun orí wọn pọ́n bí irun àgbàdo, àgbà inú wọn sì ni ọ̀gá ọkọ̀.

Ẹni kẹrin wọn dúró níwájú ọkọ̀, ó gbé àtùpà dání. Ọmọbìnrin ni. Ó dúdú. Dúdú bí èmi yìí, irun ẹ̀ wà ní dídì.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Ẹ rí i, mo ti wo irú fíìmù yẹn lọ súà. Gbogbo nǹkan ló lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹja lè kọrin. Òkè lè dìde kó rìn lọ. Ẹṣin lè wọ inú ògiri kó jáde lódì kejì. Nǹkan kan ṣoṣo tí mi ò tíì rí níbẹ̀ rí ni ọmọ tó dà bí èmi. Mo ti gbà pé bóyá ìyẹn nìkan ni kò ṣeé ṣe.

"Èyí tó dúdú yẹn," Màmá sọ, wọ́n nawọ́ sí i, "kí lorúkọ ẹ̀?"

Wọn ò sọ orúkọ ẹ̀ nínú fíìmù. Àwọn mẹ́ta yòókù ń pe ara wọn lórúkọ lọ́tùn-ún lósì, àmọ́ òun, tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, wọ́n kàn máa ń juwọ́ sí i.

Mo ní, "Bíọ́dún ni."

"Bíi tìẹ?"

"Bíi tèmi, Màmá."

"Òyìnbó wo ló sọ ọmọ ẹ̀ ní Bíọ́dún?"

"Bóyá ìyá ẹ̀ ti dé Ọ̀kà rí."

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. Limota, ọmọ aládùúgbò wa tó máa ń wá bá wa wò ó, ní irọ́ ni mò ń pa. Mo ní kó wá túmọ̀ ẹ̀ nígbà náà.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Tí ọ̀gá ọkọ̀ bá ní ìjì ń bọ̀, màá ní Bíọ́dún ló rí i kó tó sọ ọ́. Tí wọ́n bá ṣìnà, màá ní Bíọ́dún ní kí wọ́n yà sọ́tùn-ún, torí pé òun ló mọ ọ̀nà. Mo fi àwàdà sí i lẹ́nu. Mo jẹ́ kó bá ẹyẹ kan jà. Àtùpà yẹn kàn ń tàn lójú ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ò mì rárá, àmọ́ mo ní ojú Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa títí wọ́n fi dé ibi afárá. Afárá olókùn ni, láàárín ìkùukùu kan àti ìkejì, ìlú oòrùn ń bẹ lódì kejì. Okùn náà ò níbi tí wọ́n máa so ó mọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì í mú. Ọ̀gá ọkọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó juwọ́ sí ọmọ tó gbé àtùpà. Ọmọ yẹn gbé àtùpà ẹ̀ sílẹ̀, ó di okùn mú. Àwọn mẹ́ta gun afárá, wọ́n kọjá. Wọ́n jí oòrùn. Oòrùn yẹn gbé wọn sẹ́yìn, ó já wọn sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ìyá wọn gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó parí.

Tẹlifíṣọ̀n ń ṣe ṣáà.

"Bíọ́dún ńkọ́?" Màmá béèrè.

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, Màmá."

"Àwọn yẹn ti ń jẹun."

Ẹ ò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi wọ̀ mí lára àfi kí n sọ bí ilé Màmá ṣe rí. Oko iṣu wọn wà lẹ́yìn òkè. Tí gbogbo wa bá ti oko dé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ. Màmá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa pè wá lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálùkù á dáhùn "Mà." O ò sì gbọ́dọ̀ dáhùn àfi tó o bá ti wà nínú àgbàlá. Tó o bá dáhùn láti ọ̀nà, Màmá á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n á tún un pè. Limota dáhùn láti ẹ̀yìn ilé lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ń tọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Màmá pè é. Nígbà tó sáré dé, tó ń fa síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè, ló tó di "Mà" lójú wọn. Gbogbo ẹ̀ ni mo rò pé àṣà àgbà lásán ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Màmá wá sọ fún mi.

"Ṣé o rí mi yìí, wọ́n ti fi mí sílẹ̀ rí. Mi ò ju ọmọ ọdún méje lọ. Oko ẹ̀yìn òkè yẹn náà ni, ọyẹ́ bo gbogbo ibẹ̀. Wọ́n ní kí n di okùn ewúrẹ́ mú, kí àwọn di iṣu. Àwọn tó wà níwájú rò pé mo wà lẹ́yìn, àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé mo wà níwájú. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ. Mo di okùn yẹn mú títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ilẹ̀ fi mọ́."

"Ẹ̀rù bà yín, Màmá?"

"Ewúrẹ́ wà lọ́dọ̀ mi, ara ẹ̀ gbóná. Ẹ̀rù kọ́ ló dùn mí." Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n tó ti kú. "Nígbà tí mo délé, mo lọ wo àwo mi. Ó wà láàárín tàwọn yòókù. Wọ́n ti fọ gbogbo ẹ̀, wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Ẹnì kan ti jẹun nínú tèmi."

Ẹ wò ó, ọmọdé ni mí, mi ò sì lè wo ojú Màmá bó ṣe rí yẹn. Mo ní, "Màmá, apá kejì wà. Wọ́n padà lọ mú un nínú apá kejì."

"Gbé e wá, kí n wò ó."

Mọ́ńdè, mo sáré lọ bá Bọ̀dá Rufus. Ó ń fi aṣọ nu àwọn kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ó mi orí.

"Kò sí apá kejì."

"Ẹ bá mi wá a dáadáa."

"Bíọ́dún, fíìmù yẹn ti wà kí wọ́n tó bí mi. Tí wọ́n bá fẹ́ padà lọ mú un ni, wọn ì bá ti lọ."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ yẹn ti ń wá sójú oorun mi. Kì í ṣe àlá tó ń bani lẹ́rù o. Mo máa ń rí òkè Ọ̀kà, òwú ọyẹ́ wà lórí ẹ̀, ó jókòó níbẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ ẹ̀, okùn yẹn gùn, ó wọ inú kùrukùru lọ, mi ò rí ìpẹ̀kun ẹ̀. Àtùpà ẹ̀ ń jó díẹ̀díẹ̀. Màá ní, "Kí lorúkọ ẹ gan-an?" Á wò mí, á rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́, ẹnu ẹ̀ ò sì ní mì. Nígbà míì, ewúrẹ́ kan á sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí mo bá jí, màá wo ọwọ́ mi, á dà bíi pé okùn ti fa àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ṣé ẹ wá gbọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀? Àǹtí Florence, tíṣà wa, wọ kíláàsì lọ́jọ́ kan, ó ní ìdíje eré orí ìtàgé ń bọ̀, àwọn iléèwé láti gbogbo Àkókó ló máa ṣe é. Àwọn tó bá borí máa lọ ṣe é ní Àkúrẹ́. Ó ní òun ti mọ eré tí a máa ṣe. Fíìmù kan tí òun wò nígbà tí òun kéré, tí òun ò gbàgbé rí, nípa oòrùn tó sùn.

Fíìmù tèmi ni!

Ó tò wá síwájú bọ́ọ̀dù láti yan àwọn tó máa wọ ọkọ̀. Gbogbo wa la dúdú, ọmọ Àkókó ni wá, àmọ́ ó tò wá láti orí ẹni tó pupa jù dé orí ẹni tó dúdú jù, bí ẹni tó ń ṣa ata. Lucy ló wà níwájú pátápátá, ó di ọ̀gá ọkọ̀. Matthew àti Mary tẹ̀ lé e. Ó fojú fo gbogbo àárín, ó wá bá mi ní ìparí.

"Bíọ́dún, ìwọ lo máa gbé àtùpà. Àwọ̀ ẹ bá a mu."

Matthew ní, "Àǹtí, kí wá ni ọ̀rọ̀ tó máa sọ?"

"Kò ní ọ̀rọ̀. Àtùpà ló máa gbé."

"Á dùn mọ́ ọn," Matthew sọ, "kò ní há nǹkan kan sórí." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mary rọra wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fún mi lọ́wọ́.

Nígbà tí iléèwé jáde, mo dúró. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ti jí oòrùn tán, ṣé a ò lè fi ibi tí wọ́n ti padà lọ mú un sí i? Ó kéré, kò ní pẹ́."

Àǹtí Florence ń pa bọ́ọ̀dù rẹ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Òun náà dúdú. Ó ní, "Kò sí níbẹ̀, Bíọ́dún. Bí mo ṣe wò ó ni màá ṣe é. A ti fi ìwé eré ránṣẹ́ sí wọn, tí ẹnikẹ́ni bá yà kúrò nínú ohun tó wà níbẹ̀, a ti jáde nìyẹn. Ṣé o fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ má dé Àkúrẹ́?"

Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lucy ti ń ka ọjọ́. Kò tíì kọjá Ìṣùà rí láyé ẹ̀, ó ti lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yá bàtà.

Ṣùgbọ́n Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màmá tún béèrè apá kejì. Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo ní, "Màmá, a fẹ́ ṣe é níléèwé wa. Ẹ máa rí bó ṣe parí. Èmi gan-an ni mo máa ṣe Bíọ́dún."

Màmá ò lọ síbì kankan mọ́ nígbà yẹn, orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo ni?"

Ọjọ́ náà pé. Ọyẹ́ pọ̀ láàárọ̀ yẹn débi pé ó wọ inú họ́ọ̀lù iléèwé wa láti ojú fèrèsé, àwọn èèyàn tó jókòó lẹ́yìn dà bí òjìji. Obìnrin kan láti Ìṣùà ló wá fún wa ní máàkì, ó jókòó nídìí tábìlì pẹ̀lú gíláàsì lójú, ìwé eré wa wà níwájú ẹ̀, ó ń fi bírò tọ ọ́ láti ìlà dé ìlà. Àǹtí Florence kun páúdà funfun sí àwọn mẹ́ta yẹn lójú. Ó kun Matthew kun ún, ó wá dà bí ẹni tó ṣubú sínú gààrí. Kò kun èmi.

Mo yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Màmá Ọ̀kà ti jókòó síwájú pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi. Wọ́n wọ aṣọ ìdí àpótí, ẹ mọ irú aṣọ tí kì í jáde àfi lọ́dún. Kúlà kan wà lórí itan wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Iṣu ni, mo ti gbóòórùn ẹ̀. Fún àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, mo ti sọ orúkọ wa fún wọn, kí a jẹ ẹ́ tí a bá délé láti ìrìn àjò wa. Màmá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti sè é, tí wọ́n sì jókòó tì í.

A ṣe eré náà. Mo gbé àtùpà mi, mo dúró níwájú ọkọ̀ tí a fi páálí ṣe, mi ò sọ nǹkan kan. Mò ń gbọ́ tí Màmá ń sọ fún màmá mi pé, "Dúró ná, ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀." A dé ibi ìjì. Mi ò sọ̀rọ̀. "Dúró ná." A ṣìnà. Lucy ló wí pé ká yà sọ́tùn-ún. A dé ibi afárá.

Pákó kan ni Àǹtí gbé sáàárín bẹ́ǹṣì méjì, ó so okùn mọ́ fèrèsé ní ìhà ìlú oòrùn, ìpẹ̀kun kejì wà fún mi. Lucy wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó juwọ́ sí mi. Mo gbé àtùpà sílẹ̀, mo di okùn mú. Wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jí oòrùn, ìyẹn atẹ tí a kùn ní ọ̀dà pupa, wọ́n délé, wọ́n jókòó sídìí tábìlì, bísíkíìtì gidi wà nínú abọ́. Matthew ti ń nawọ́. Àǹtí Florence wà létí ìtàgé, okùn kọ́tìnì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó kù díẹ̀ kó fà á.

Mo gbọ́ tí ìjókòó kan ró ní iwájú.

Màmá ti dìde. Wọ́n gbé kúlà fún màmá mi, wọ́n fi ọwọ́ ti orúnkún, wọ́n rọra na ẹ̀yìn. Gbogbo họ́ọ̀lù wò wọ́n. Ohùn tí wọ́n fi ń pè wá lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n gbé jáde, ohùn yẹn ò le, ṣùgbọ́n ó máa ń dé orí òkè.

"Lucy."

Lucy, ọ̀gá ọkọ̀, òyìnbó inú ìkùukùu, ó kúnlẹ̀ lórí ìtàgé. "Mà."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àgbà ló pè é, kí ló fẹ́ ṣe?

"Matthew."

Ó fi bísíkíìtì sílẹ̀. "Mà."

"Mary."

"Mà."

Obìnrin Ìṣùà yẹn yí ìwé kan, ó yí òmíràn, ó ń wá ibi tí a wà.

"Bíọ́dún."

Ẹ dúró síbí pẹ̀lú mi díẹ̀. Mo wà lódì kejì, okùn wà lọ́wọ́ mi, ọyẹ́ ń wọlé láti fèrèsé, ó ń ká mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mi ò rí ilẹ̀ mọ́. Mo búra fún yín, mo rí ọmọ yẹn. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ewúrẹ́ ẹ̀ ń sùn, ó ń wo ẹnu mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá dáhùn láti ibi tí mo wà, Màmá ò ní gbọ́. Nínú àgbàlá nìkan ni ìdáhùn ti máa ń wúlò. Tí mo bá sì kọjá, a ti yà kúrò nínú ìwé eré, Àkúrẹ́ ti lọ. Mo wo Lucy. Lucy ń fi ojú bẹ̀ mí, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, rárá, rárá. Bàtà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

"Bíọ́dún," Màmá tún pè. Bíi pé wọn ò tíì pè mí tẹ́lẹ̀.

Mo gbé àtùpà. Mo ká okùn mọ́ apá mi, mo gun pákó. Bí mo ṣe ń lọ ni mò ń ká a, afárá ń bọ̀ lẹ́yìn mi bẹ́ẹ̀, ó ń wọ inú apá mi, débi pé tí mo bá wẹ̀yìn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi òwú. Ó pẹ́ kí n tó dé. Ẹ̀yin, pákó yẹn ò gùn ju bẹ́ẹ̀dì lọ, àmọ́ ó pẹ́ kí n tó dé. Mary sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fún mi láyè lórí ìjókòó. Mo jókòó, mo gbé àtùpà sórí tábìlì.

"Mà."

Màmá Ọ̀kà mi orí bí ẹni tó gbọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí kúlà, èéfín iṣu gòkè lọ bá ọyẹ́.

Àǹtí Florence ò fa kọ́tìnì. Ó di okùn ẹ̀ mú, ó ń wò wá, omi dúró sí i lójú. Nígbà tó yá, ó tú u sílẹ̀, kọ́tìnì dúró ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀ títí àwọn èèyàn fi jáde.

A ò borí. Iléèwé kan láti Ifira ló lọ Àkúrẹ́. Obìnrin Ìṣùà yẹn ní eré wa dùn, ṣùgbọ́n ìparí ẹ̀ kò sí nínú ìwé tí a fi ránṣẹ́. Matthew ò bínú, ó ti jẹ iṣu ẹyọ mẹ́fà. Lucy ló bínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, ìgbà tó sì sọ̀rọ̀, nǹkan tó sọ nìyí: "Ìwọ nìkan lo délé. Àwa ò dé Àkúrẹ́." Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà létí mi.

Lọ́jọ́ eré yẹn náà, mo sin Màmá lọ sí ibi tí mọ́tò Ọ̀kà ti ń gbérò. Wọ́n di apá mi mú, a rọra ń lọ.

"Apá kejì nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó kúrú." A rìn síwájú. "Ẹnu ọmọ yẹn ò mì nínú fíìmù yẹn. Mo rí i lọ́jọ́ náà."

A dé ìdí mọ́tò. Wọ́n ní, "Fi ẹ̀wù ẹ bora dáadáa, ọyẹ́ pọ̀," wọ́n sì wọ mọ́tò.

Mo ṣì ń rí ọmọ yẹn lójú oorun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí lórí òkè mọ́. Àgbàlá Màmá ló máa ń wà, àwo wà níwájú ẹ̀, ó ń jẹun, kò sì jẹ́ wojú mi torí pé ebi ń pa á. Ṣùgbọ́n nígbà míì tí mo bá jí, bàtà Lucy ni mo máa ń rí, tí wọ́n dá padà fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tí ìdí ẹ̀ ò tíì kan ilẹ̀ Àkúrẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi rò ó. Okùn wà lọ́wọ́ yín, ọ̀rẹ́ yín ń mi orí pé rárá, Màmá yín dúró níwájú, ó ń pe orúkọ yín lẹ́ẹ̀kejì, oúnjẹ ń tutù. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa dúró síbẹ̀ kí ẹ dì í mú ni, àbí ẹ máa kọjá?